Igi, Awọ àti Irin: Ohùn Báńjò Tẹ́nọ̀ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ ní Ọ̀tà



Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ó sì dé Ṣàngó-Ọ̀tà, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé ibẹ̀. Ayùn ń la pákó, òòlù ń kọlu irin, àwọn ajórin ń jó irin mọ́ irin, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kùn bọ̀ láti àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí ó bá wọ inú ìlú Ọ̀tà gan-an, ìlú àwọn Àwórì, yóò rántí pé kí ilé iṣẹ́ kankan tó dé ibẹ̀ ni a ti mọ ìlú náà mọ́ iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìbéèrè tí ètò ti òní gbé kalẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí igi, awọ àti irin bá pàdé lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ni ó ń sọ ariwo wọn di ohùn dídára? Báńjò tẹ́nọ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé inú rẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, tí kò sì sí ibi tí èyíkéyìí nínú wọn lè fara pamọ́ sí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun èlò náà. Okùn irin 4 ni báńjò tẹ́nọ̀ ní. Ara rẹ̀ jẹ́ òrùka igi tí a na awọ bò bí ojú ìlù, tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 11. Ọrùn igi gígùn kan yọ láti ara òrùka yìí, a sì to àwọn ọ̀pá irin tín-ín-rín sí ojú ọrùn náà ní ìbú, 17 tàbí 19 ní iye. Ẹ̀bá àwọn irin yìí ni ìka ti ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ kí ohùn lè yí padà. Àwọn okùn náà ti orí ọrùn wá, wọ́n gun igi kékeré kan tí ó dúró lójú awọ, wọ́n sì so mọ́ irin kan ní ìdí òrùka. A ó máa pe igi kékeré yẹn ní agbókùn. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, C, G, D àti A ni orúkọ ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Okùn A máa ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Ní ilẹ̀ Ireland, Barney McKenna, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ olórin The Dubliners tí a dá sílẹ̀ ní 1962, sọ ohùn okùn náà kalẹ̀ sí G, D, A àti E, èyí tí ó bá ti fayolín mu ṣùgbọ́n tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ olórin ilẹ̀ náà ń tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan ará Ọ̀tà kan ohun èlò òyìnbó. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé báńjò kì í ṣe ọmọ òyìnbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n gbé ìmọ̀ rẹ̀ kọjá òkun: igbá tí a fi awọ bò, tí a fi igi ṣe ọrùn fún, tí a sì na okùn lé lórí. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Hans Sloane rí irú rẹ̀ ní erékùṣù Jàmáíkà kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí, ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1707. Títí di òní, àwọn ẹ̀yà Jola ní Senegal àti Gambia ń lo akonting, àwọn Hausa ní mólò, Yorùbá sì ní gòjé. Igbá àti awọ ni ara gòjé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ẹṣin ni a fi ń fa okùn tirẹ̀. Gòjé yìí ni ó ń bá orin sákárà Yusuf Ọlátúnjí lọ, àgbà olórin tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé títí ó fi kú ní 1978. Ẹbí kan ni gbogbo wọn.

Láàárín 1840 sí 1850, William Boucher, onílù tí ń ṣe ìlù tà ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí wọ́n fi òrùka igi rọ́pò igbá, ó sì fi irin onídè yí òrùka náà ká kí a lè máa fa awọ le bí ti ìlù ológun. Ní nǹkan bí 1910 ni tẹ́nọ̀ jáde, tí okùn rẹ̀ kò ju 4 lọ, kí àwọn tí wọ́n ti mọ mandolin ta lè tètè mọ òun náà. Láàárín 1920 sí 1930 ni ògo rẹ̀ tàn jù. Àwọn ẹgbẹ́ olórin ilé ijó nígbà náà kò ní ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga. Ohun èlò olókùn tí kò bá lè bá kàkàkí àti ìlù dọ́gba, a kò ní gbọ́ ọ rárá. Báńjò sì lè ké. Bákan náà, kí ẹ̀rọ oníná tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn orin sílẹ̀ ní 1925, ẹnu ìwo ni wọ́n ti ń kọrin sínú àwo, ohùn kíkan báńjò sì ń wọ inú àwo náà já gaara.

Ìgbà yìí gan-an ni ẹbí báńjò padà wá sí ilẹ̀ wa. Túndé King, tí a bí ní Èkó ní 1910, kọ orin jùjú sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936, báńjò olókùn 6 sì ni ó ń ta. Ní 1937, Àyìndé Bákàrè kọ tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ His Master's Voice. Báńjò kékeré olókùn 4 tí a ń pè ní ukulele-banjo ni ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Kì í ṣe tẹ́nọ̀ gan-an ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n: òrùka kan náà, awọ kan náà, ìké kan náà. Ìké yìí yẹ orin Yorùbá púpọ̀. Ohùn báńjò kì í pẹ́ lẹ́nu. Bí ìka bá ti ta okùn, ó dún kíkan, ó sì tán, nítorí náà kì í bo ọ̀rọ̀ akọrin mọ́lẹ̀. Ní 1949, Bákàrè gbé báńjò sílẹ̀, ó sì mú gìtá oníná. Gìtá oníná náà ni jùjú ń bá lọ láti ìgbà náà wá, títí kan ayé Ebenezer Obey àti Sunny Adé. Ohun tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ tí ó sì padà wá, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ di àjèjì láàárín ìran kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ohùn dídára ti ń wá. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé kì í ṣe dídán ara ohun èlò ni ó ń fa dídùn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni kí a gbà wò ó.

Èkíní ni awọ. Awọ ọmọ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kí ó sì ṣe déédéé jákèjádò. Gbogbo onílù ilẹ̀ yìí ni ó mọ àìsàn awọ: bí ọyẹ́ bá dé, yóò le gbọnrangandan, bí òjò bá ṣú, yóò dẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò sì rì. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni awọ oníke ti dé, tí ọyẹ́ àti òjò kò rí nǹkan ṣe fún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù kí a lò, fífà rẹ̀ ni iṣẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá le ju èkejì lọ, ohùn yóò ya sí méjì. Àwọn tí ń ṣe táyà ní Ṣàngó mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa: wọn kì í dè nọ́ọ̀tì kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń dè é díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan sí èyí tí ó kọjú sí i, kí táyà má bàa wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń dè awọ báńjò.

Èkejì ni òrùka. Lórí òrùka igi ni a ti ń gbé òrùka irin tàbí ti idẹ kan kalẹ̀, orí ẹ̀yí sì ni awọ fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ Vega ní Boston, tí ó ra ilé iṣẹ́ Fairbanks ní 1904, gbajúmọ̀ nítorí òrùka kan tí ó ń jẹ́ Tubaphone. Idẹ onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ ṣófo ni, wọ́n sì dá ihò sí i lára. Ní 1925, Gibson ti ìlú Kalamazoo gbé báńjò Mastertone tirẹ̀ jáde. Ọgbọ́n wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n òfin kan ni ó de gbogbo wọn: irin gbọ́dọ̀ jókòó sórí igi láìsí àlàfo rárá. Níbi tí àlàfo bá wà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ibẹ̀ ni ohùn ti ń jò dànù bí omi inú ìkòkò tí ó sán.

Ẹ̀kẹta ni ọrùn àti àwọn irin ojú rẹ̀. Ìṣirò ni olúwa níbí. Bí okùn bá gùn ní íǹṣì 23 láti orí ọrùn dé agbókùn, a ó pín 23 sí ọ̀nà 17.817, ohun tí a bá rí, íǹṣì 1.291, ni àyè irin kìíní. Èyí tí ó kù ni a ó tún fi 17.817 pín kí a lè rí àyè irin kejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó sì máa bá a lọ títí irin 12 yóò fi bọ́ sí àárín gbùngbùn, ní íǹṣì 11.5. Àwọn oníṣẹ́ ìgbà àtijọ́ mìíràn a máa fi 18 pín in nítorí pé ó rọrùn. Ẹni tí ó bá fi 18 pín in, irin 12 rẹ̀ yóò ṣìnà ní nǹkan bí mìlímítà 2. Mìlímítà 2 kéré lójú, ṣùgbọ́n etí tí ó mọ orin yóò mọ̀ pé ohùn náà ti yẹ̀. Igi ọrùn pàápàá gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Pákó tútù tí a sáré gbẹ́ lónìí yóò tẹ̀ tí ó bá yá, gbogbo ìṣirò náà yóò sì di asán.

Ẹ̀kẹrin ni agbókùn. Igi fúyẹ́ tí gíga rẹ̀ kò ju ìdajì íǹṣì àti díẹ̀ lọ ni. Kò sí gọ́ọ̀mù tí ó mú un, kò sí ìṣó tí ó kàn án mọ́lẹ̀. Agbára okùn nìkan ni ó dì í mú. Bí a bá sún un díẹ̀, ohùn gbogbo ọrùn yóò yí padà. Òun ni ó kéré jù lára báńjò, òun náà sì ni gbogbo ohùn ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ojú awọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́. Bí a bá gbé ohun èlò tí irin rẹ̀ ti ṣìnà lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ náà yóò tẹ ibi tí ó yẹ kó tẹ̀, ohùn tí kò yẹ ni yóò sì jáde. Yóò tún un ṣe, yóò tún un ṣe, kò ní gún. Kò ní mọ̀ pé oníṣẹ́ ni ó jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi, yóò ní òun kò ní etí orin. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti pa orin tì lọ́nà báyìí. Nítorí náà, ṣíṣe ohun èlò dáadáa kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Òdodo tí oníṣẹ́ jẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbèsè ni.

Ǹjẹ́ a lè ṣe irú iṣẹ́ báyìí nílé? Ẹ wo ohun tí ọwọ́ Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlù sákárà jẹ́ òrùka amọ̀ tí a sun nínú iná, tí a na awọ bò, tí a sì fi èèkàn fà le. Àbúrò ara báńjò ni. Àwọn onílù ń fi igi ọ̀mọ̀ gbẹ́ dùndún, wọ́n mọ bí awọ ṣe ń tín-ín-rín tó kí ìlù tó lè sọ̀rọ̀, ọmọ Àyàn sì lè fi etí lásán mọ̀ bí ohùn bá fi díẹ̀ lọ sókè tàbí sódò. Gbẹ́nàgbẹ́nà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní tirẹ̀ ń ṣe ère tí yóò gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán lórí, síbẹ̀ tí yóò fúyẹ́ tó kí eléégún ijó náà lè gbé e jó. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008. Mímọ ibi tí igi gbọ́dọ̀ nípọn àti ibi tí ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ni ìdajì iṣẹ́ báńjò.

Ìdajì kejì wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Àwọn tọ́nà tí ń fi ẹ̀rọ yí irin, tí ń tún ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ti mọ bí a ṣe ń mú kí irin róbótó pé láìyẹ̀ ní ìwọ̀n bí irun orí. Ẹni tí ó lè ṣe èyí fún ọkọ̀ lè ṣe òrùka idẹ fún báńjò. Igi ọ̀gànwó wà nínú igbó ilẹ̀ yìí, ó sì yẹ fún ọrùn. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí a jọ pààlà, ilé iṣẹ́ gìtá Taylor ti Amẹ́ríkà àti Madinter ti Sípéènì ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé ní 2011, nítorí igi ẹ́bọ́nì dúdú tí a fi ń ṣe ojú ọrùn ohun èlò olókùn. Ẹni tí ó wà lókè òkun rí igi yìí; ó yẹ kí aládùúgbò náà rí i.

Àwọn kan yóò ta kò ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òkèèrè ti kọjá ohun tí ọwọ́ lè bá díje. Ìtàn kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe àwọn báńjò tẹ́nọ̀ tí a ń yìn jù lọ láàárín 1920 sí 1930, ní Boston, New York àti Kalamazoo. Ẹ̀rọ ń gé, ẹ̀rọ ń lu ihò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti etí ènìyàn ni ó ń parí iṣẹ́. Ẹ̀rọ kì í ba ohùn jẹ́. Ìkánjú ni ó ń bà á jẹ́. Àwọn mìíràn yóò béèrè pé ta ni yóò ra báńjò lóde òní. Ìbéèrè yìí lágbára. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé lẹ́yìn 1929, tí gìtá sì gba ipò báńjò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ báńjò ni ó kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Epiphone ní New York, tí ó ti fi báńjò lókìkí, yí ọwọ́ sí gìtá, ó sì yè. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n lè yí iṣẹ́ padà. Ẹni tí kò mọ̀ ju àwòkọ lọ, bí ọjà bá kú, òun náà ti parí. Kò pọn dandan kí Ọ̀tà kún fún báńjò. Ohun tí ó pọn dandan ni kí ọgbọ́n ìwọ̀n yìí ní ilé níbẹ̀, kí gìtá, gòjé àti ìlù ilé ẹ̀kọ́ lè rí ẹni tí yóò ṣe wọ́n, tí yóò sì tún wọn ṣe.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kò sì jìnnà. Covenant University wà ní Ọ̀tà láti 2002; Bells University of Technology wà ní ìlú kan náà; Federal Polytechnic tí a dá sílẹ̀ ní 1979 wà ní Ìlaròó. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìṣirò 17.817, kò mọ bí ọ̀gànwó ṣe ń rí lábẹ́ ìfági. Oníṣẹ́ mọ ọ̀gànwó, kò sì sí ẹni tí ó fi ìṣirò náà hàn án. Ọ̀wọ̀ ni yóò mú àwọn méjèèjì pàdé: kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wo oníṣẹ́ bí púrúǹtù, kí oníṣẹ́ má sì ṣe ka ìwé sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Kí ọ̀rọ̀ tó parí, ohun tí olùkọ́ lè fi dán ohun èlò wò nìyí, ìbáà jẹ́ ti ilé tàbí ti òkèèrè. Kí ó kọ́kọ́ fi èékánná ìka kan awọ yí ká létí, lẹ́bàá irin onídè kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan náà ni ó gbọ́dọ̀ máa dáhùn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè irin 12, kí ó ta á, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ó tún un ta. Bí ohùn méjèèjì bá yàtọ̀, kí ó sún agbókùn díẹ̀ títí wọn yóò fi dọ́gba. Tí wọ́n bá dọ́gba níbẹ̀, tí àwọn irin yòókù sì ṣì ń purọ́, a jẹ́ pé ọrùn ni ó ní àbùkù. Kí ó gbé ọrùn sójú, kí ó wò ó láti orí dé ìdí bí káfíńtà ti ń wo pákó, bóyá ó ti tẹ̀. Ní ìparí, kí ó di ọrùn mú, kí ó mi ín. Bí oríkèé rẹ̀ bá mì, kí ó dá a padà fún ẹni tí ó ṣe é.

Bí olùkọ́ bá ń dán iṣẹ́ wò báyìí, oníṣẹ́ yóò mọ̀ pé etí ń ṣọ́ òun, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dára sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ohun èlò ti wá nìkan ni a ń wò, tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, iṣẹ́ rere ti Ọ̀tà kò ní yàtọ̀ sí èyí tí kò dára lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni àléébù ti òkèèrè kò ní hàn. Ayùn, òòlù àti ẹ̀rọ Ṣàngó-Ọ̀tà kò ní dákẹ́ lọ́la. Etí tí yóò máa béèrè ohùn lọ́wọ́ wọn ni ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa kọ́.